Nọ́ńbà NAFDAC Lára Ìgò Àgbo: Kí Ni Ó Ń Sọ?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Kirikiri. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù Apápá, láràárọ̀ ni í sì í mu paraga nítorí ẹ̀yìn tí ń dùn ún. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ra àgbo inú ìgò ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ̀díjẹ̀dí àti àìrọ́mọbí. Ó ní nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Ǹjẹ́ òun lè fi oògùn ṣúgà tí dókítà fún òun sílẹ̀?

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀.

Àjọ NAFDAC, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 1993, ni ó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn tí a ń tà nílẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta àgbo inú ìgò ní láti gbé e tọ̀ wọ́n lọ, kí wọ́n wò ó bóyá májèlé tàbí kòkòrò àrùn wà nínú rẹ̀, àti bóyá ibi tí a ti ń ṣe é mọ́. Bí ó bá yege, wọn a fún un ní nọ́ńbà, tí yóò lò fún ọdún méjì. Ẹ wo nọ́ńbà náà dáadáa: A7 ni ti àgbo sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà L a sì wà ní ìparí rẹ̀. L yìí ń sọ pé a ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ pé a ti fún àwọn aláìsàn mu, tí ara wọn sì yá. Ìdí nìyí tí NAFDAC fi ń ní kí a kọ ọ́ sára ìgò pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí àgbo náà sọ pé òun ń wò wò. Lẹ́tà wínníwínní ni ọ̀pọ̀ olùtajà fi ń kọ èyí, àmọ́ gbàgàdà ni wọ́n ń kọ orúkọ àrùn!

Paraga baálé yín ni ó bà mí lẹ́rù jù, nítorí kò ní nọ́ńbà kankan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn ń kú lójijì, ojú wọn a sì kọ́kọ́ ṣú. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Nígbà tí a ṣe àyẹ̀wò, methanol ni a bá, oró tí ó jọ ọtí, nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tí ó kú. Ògógóró yìí kan náà ni a fi ń rẹ egbò paraga. Imú kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ìkorò egbò a sì bo adùn rẹ̀.

Ó lè tó ọjọ́ kan kí ó tó hàn. Bí ojú baálé yín bá ń ṣe bàìbàì lẹ́yìn tí ó mu ún, tí ó ń bì, tí inú ń run ún, tàbí tí ó ń mí gúlegúle, ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ẹ sì sọ ohun tí ó mu. Bí ó bá tètè débẹ̀, wọ́n lè gba ojú àti ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ní ti ìgò yín, ẹ má dà á nù. Ẹ mú un dání lọ bá dókítà yín, kí ó mọ ohun tí ẹ ti ń mu pọ̀ mọ́ oògùn rẹ̀.