Ìdá Nínú Ọgọ́rùn-ún àti Ìṣirò Rẹ̀

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní pásẹ́ǹtì, ni ọ̀nà tí a ń gbà fi iye kan wé òmíràn bí ẹni pé iye tí a fi í wé jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Àmì rẹ̀ ni %. Bí a bá sọ pé 8% owó kan, ohun tí à ń wí ni pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú owó náà, náírà mẹ́jọ ni a mú. Láti mọ iye rẹ̀, a ó sọ owó náà di púpọ̀ lọ́nà mẹ́jọ, a ó sì fi 100 pín èsì rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò le. Ohun tó sábà máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà ni ìpìlẹ̀, ìyẹn iye tí a kà sí ọgọ́rùn-ún.

Kò di dandan kí ènìyàn ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ 10%, tí í ṣe ìdá mẹ́wàá tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń san, lè dá a sí méjì kí ó rí 5%. Bí ó bá tún dá ìyẹn sí méjì, yóò rí 2.5%, tí í ṣe ìwọ̀n sàká tí àwọn Mùsùlùmí ń yọ nínú owó tó pé ọdún lọ́wọ́ wọn. Ní orí ọjà ₦24,000, 10% jẹ́ ₦2,400, 5% jẹ́ ₦1,200, 2.5% sì jẹ́ ₦600. Owó-orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT, tó jẹ́ 7.5% ní Nàìjíríà, yóò wá jẹ́ ₦1,200 àti ₦600, àpapọ̀ ₦1,800.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé ni ìgbà tí owó-orí bá ti wà nínú iye tí a san. Ká ní ènìyàn san ₦21,500, owó-orí sì ti wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yóò yọ 7.5% nínú ₦21,500, wọn yóò sì rí ₦1,612.50. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ọjà kí a tó fi owó-orí lé e ni ìpìlẹ̀. Nítorí náà, ₦21,500 dúró fún 107.5%. Bí a bá fi 107.5 pín in, tí a sì sọ èsì di púpọ̀ lọ́nà 100, a ó rí ₦20,000. Ojúlówó owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦1,500.

Bákan náà ni ti ọjà tó gbówó lórí. Àpò ìrẹsì ₦80,000 tí a fi 25% kún di ₦100,000. Bí a bá yọ 25% padà, ₦75,000 ni yóò kù, nítorí ìpìlẹ̀ ti yí padà. 20% ni a ó yọ kí ó tó padà sí ₦80,000. Nígbà tí VAT kúrò ní 5% tó di 7.5% ní oṣù Kejì ọdún 2020, òótọ́ ni pé ìwọ̀n rẹ̀ fi 2.5 lé sí i, ṣùgbọ́n owó-orí tí oníbàárà ń san lórí ọjà ₦20,000 kúrò ní ₦1,000 ó di ₦1,500: ó fi 50% lé.

Ìbéèrè nípa ìpìlẹ̀ yìí ti dé ilé-ẹjọ́ rí ní Nàìjíríà, ipò ààrẹ ni ó sì dá lé lórí. Nínú ìdìbò ọdún 1979, òfin béèrè pé kí ẹni tó ní ìbò tó pọ̀ jù tún ní, ó kéré tán, 25% ìbò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni ó wà nígbà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan. Shehu Shagari ní 25% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano, ìbò 243,423 ni ó ní nínú 1,220,763, tó jẹ́ nǹkan bí 19.9%. Kò tó. Àjọ elétò ìdìbò wá sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano ni ó kù tí òfin ń fẹ́, wọ́n sì fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò ibẹ̀, 813,842, ṣe ìpìlẹ̀. Ìbò 243,423 kan náà di nǹkan bí 29.9%. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Shagari láre. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ kò fara mọ́ ìdájọ́ náà.

Bí a bá fi ojú ìṣirò nìkan wò ó, àjọ náà dín ìbò ìpínlẹ̀ kù ṣùgbọ́n kò dín ìbò olùdíje kù. Bí a bá dín méjèèjì kù bákan náà, ìbò olùdíje yóò di 162,282 nínú 813,842, èsì yóò sì padà sí 19.9%. Irú ìlànà yìí ṣì wà nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999. Ìpínlẹ̀ 36 ni ó wà báyìí, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn sì jẹ́ 24 láìsí àjẹkù.