Ẹja Tó Ń Gbé Ẹnu Sókè: Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ Omi Wò

 Púpọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó fi Mínnà ṣe ilé ló ń sin ẹja àrọ̀ nínú táńkì lẹ́yìnkùlé, àwọn mìíràn ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nínú àpótí dígí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ẹja táńkì wa gbé ẹnu sójú omi. A sáré ra kápúsù tẹtirasáíkílì, a tú u sómi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òkú ìdajì wọn ti léfòó. Owó èésú la fi rà wọ́n. Àṣé kì í ṣe àrùn. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù ló jẹrà nísàlẹ̀, tó ba omi jẹ́.

Nítorí náà, bí gbogbo wọn bá ń mí hẹlẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dá oúnjẹ dúró, kí ẹ pààrọ̀ ìdajì omi. Kí ẹ tó lo omi ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú kí kloríìnì inú rẹ̀ lè fò lọ.

Bí ẹ bá rí tótòtó funfun bí iyọ̀ lára ẹja, kòkòrò ni. Bí ohun bí òwú bá hù lójú egbò, ó jọ ohun tó ń mú búrẹ́dì bu. Iyọ̀ gíráàmù 1 sí 2 nínú lítà omi kan máa ń ṣèrànwọ́.

Bí ikùn bá wú tàbí egbò bá ń jinlẹ̀, ẹ ya ẹja náà sọ́tọ̀, kí ẹ lọ bá àwọn onímọ̀ ẹja ní Yunifásítì FUT Mínnà, tàbí ilé ìwádìí ẹja ti ìjọba àpapọ̀ ní New Bussa. Kápúsù àlòkulò ń sọ àrùn di alágídí.

Àwa ti pàdánù tiwa. Kí tiyín má ṣòfò o.