Ògiri Tó Lanu Ni Aláǹgbá Ń Wọ̀: Ẹ Má Fi Ìmọ́tótó Ba Awọ Ara Yín Jẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ awọ ara wa rí, àwọn ará Monrovia ní orílẹ̀-èdè Làìbéríà sì ti fojú ara wọn rí i.

Oríta ELWA, ní Paynesville lẹ́gbẹ̀ẹ́ Monrovia, ni ọ̀nà Tubman Boulevard ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú Roberts. Ilé-iṣẹ́ rédíò àwọn ajíhìnrere tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lágbègbè náà lọ́dún 1954 ló ni orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2014, àrùn Ẹ̀bólà ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà Médecins Sans Frontières ṣí ibùdó ìtọ́jú ELWA 3, tí ibùsùn rẹ̀ padà tó 250.

Lásìkò yẹn, korobá tí wọ́n de ẹ̀rọ mọ́ nídìí ló wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì àti ilé ìjọsìn. Kilorínì, èròjà tí a fi ń pa kòkòrò inú omi, ni wọ́n pò mọ́ omi inú rẹ̀. Omi yìí gba ẹ̀mí là, nítorí ó lé ní 4,800 ènìyàn tí Ẹ̀bólà pa ní Làìbéríà nìkan. Síbẹ̀, ọwọ́ tó bá ń wọ irú omi bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́ yóò gbẹ, yóò máa ta ènìyàn, yóò sì máa là.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá nílé. Ọjọ́ 20, oṣù keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer gbé àrùn náà láti Làìbéríà wọ Èkó. Ènìyàn 20 ló ṣe ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Àhesọ mú kí àwọn kan máa fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀. Nígbà tí kòrónà tún dé lọ́dún 2020, ọwọ́ fífọ̀ di iṣẹ́ òòjọ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí awọ ara? Òkè rẹ̀ pátápátá dà bí búlọ́ọ̀kù tí a tò léra wọn, ọ̀rá sì ni sìmẹ́ǹtì tó so wọ́n pọ̀. Ọ̀rá yìí kì í jẹ́ kí omi inú ara sá lọ, kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò wọlé. Ọṣẹ líle, omi gbígbóná, kànìnkànìn líle àti kilorínì a máa fọ̀ ọ́ dànù. Ó wá di pé ọwọ́ tí a ń fọ̀ kí àrùn má baà wọlé ló ṣílẹ̀kùn fún àrùn mìíràn.

Ohun tó burú jù ni pé bí ara bá ti ń ta ènìyàn, ohun tó tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ ló máa ń wá: ọsàn wẹ́wẹ́, ọṣẹ olóògùn, tàbí ìpara tó ní èròjà kọ́tísónù. Ìpara náà lè tètè tu ara lójú, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó pẹ́ láìsí àṣẹ dókítà, ṣe ni yóò sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbówó lórí. Ẹ kọ́kọ́ pa ìpara abóra àti ohun gbogbo tó ń ta yín tì. Omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le, tí kò ní òórùn dídùn, ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe fi aṣọ ha ara; ẹ rọra tẹ omi rẹ̀ gbẹ. Kí ọ̀rinrin tó tán lára, ẹ fi òrí tàbí Vaseline pa á, pàápàá lálẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń fọ aṣọ. Níbi tí ọṣẹ àti omi mímọ́ bá wà, kò sí ìdí láti máa fi kilorínì fọwọ́ lójoojúmọ́.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ o! Ọwọ́ fífọ̀ ṣì ń gba ẹ̀mí là. Ẹ kàn ní sùúrù, nítorí awọ òkè ara a máa gba bí oṣù kan kó tó di tuntun. Bí ó bá wú tàbí tó ń ṣomi, ilé ìwòsàn ló kàn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.