Ẹjọ́ Èṣùgbàyí Elékòó

Ẹjọ́ Èṣùgbàyí Elékòó jẹ́ ẹjọ́ tí Èṣùgbàyí, Ọba Èkó, pe ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò nílùú ní ọdún 1925. Ìdájọ́ ọdún 1931 lórí rẹ̀ fi ìdí múlẹ̀ pé ilé-ẹjọ́ lè yẹ àṣẹ gómìnà wò.

Òfin tí ìjọba lò

Òfin ọdún 1917 nípa mímú àwọn ìjòyè tí a rọ̀ lóyè kúrò nílùú ni ìjọba gùn lé. Àjèjì kọ́ ni òfin yìí ń lé, bí kò ṣe ọmọ onílùú gan-an. Kí gómìnà tó lè lò ó, ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìjòyè, a gbọ́dọ̀ ti rọ̀ ọ́ lóyè, àṣà ìbílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ sọ pé kí ó kúrò ní agbègbè náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925, wọ́n gbé Èṣùgbàyí lọ sí Ọ̀yọ́.

Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn

Èṣùgbàyí tọrọ habeas corpus, èyíinì ni àṣẹ pé kí ẹni tó há ènìyàn mọ́ wá sọ ìdí rẹ̀ níwájú adájọ́. Adájọ́ kan kọ̀. Àwọn mìíràn kò sì fẹ́ tún un gbọ́. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí Privy Council ní London. Ní ọdún 1928, ìgbìmọ̀ náà ní adájọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ilé-ẹjọ́ Èkó tún kọ̀, ẹjọ́ padà sí London. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ọdún 1931, Lord Atkin ṣàlàyé pé aláṣẹ kankan kò lè fọwọ́ kan òmìnira ènìyàn láìjẹ́ pé ó lè fi hàn nílé-ẹjọ́ pé òfin fún un láṣẹ. Ó fi kún un pé ìtẹ́wọ́gbà àwọn ará ìlú ni ó ń sọ àṣà di òfin; adájọ́ kò lè tún àṣà rọ fúnra rẹ̀.

Àbájáde

Wọ́n dá ẹjọ́ padà sí Èkó fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n kí ó tó parí, ìjọba gómìnà Donald Cameron gbà kí Èṣùgbàyí padà wálé ní ọdún 1931. Herbert Macaulay àti àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ti jà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Èṣùgbàyí wàjà ní ọdún 1932.

Irú ọ̀rọ̀ yìí tún jẹ yọ ní ọdún 1980, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ lé Shugaba Darman, olórí ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Borno, kúrò ní Nàìjíríà. Ilé-ẹjọ́ dájọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni, pé àṣẹ náà kò sì bófin mu.