Òkè Ìdànrè: Kí òjò tó wó ààfin yẹn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn rìnrìn àjò, tí àwòrán Machu Picchu kún inú fóònù yín, ṣé ẹ ti gun Òkè Ìdànrè rí? Láti Àkúrẹ́, mọ́tò ò lò tó wákàtí kan. Ẹ tètè gbéra láàárọ̀, ẹ gbé omi dání, torí àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Orúnkún á sọ̀rọ̀!

Ìlú gidi ló wà lókè yẹn. Ibẹ̀ làwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sẹ́sẹ̀ òkè. Ààfin Ọwá àtijọ́ wà níbẹ̀, kóòtù àtijọ́ náà wà níbẹ̀.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri wọn, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Bí òrùlé ilé amọ̀ bá ti jò tí ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe, òjò á máa fọ ògiri lọ díẹ̀díẹ̀. Láti 2007 ni Ìdànrè ti wà lára àwọn tó ń dúró de UNESCO. Sukur ní Adamawa ti wọlé ní 1999, igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo ní 2005. UNESCO ò ní wá bá wa kọ̀wé o. Orílẹ̀-èdè tó ni nǹkan ló ń kọ ọ́, òun náà ló ń tọ́jú rẹ̀. Kí la wá ń dúró dè?

Ẹ lọ báyìí. Ẹ gba ọmọ ìlú tó máa mú yín yíká, ẹ jẹ́ kó ròyìn, ẹ sì fún un lówó tó jọjú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fara ti ògiri yẹn torí sẹ́lífì.