Ẹja Wo Ló Ń Rùn Nínú Fídíò Ọkọ̀?

Aago 9 àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú gbaka ní Adjamé, oòrùn sì ti ń jó mi lọ́rùn. Gbaka ni àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tó ń gbé èrò káàkiri Abidjan. Àwọn ọmọ ọkọ̀ rọ̀ dirodiro sí ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n ń ké "Abobo! Yopougon!", fèrè ń dún, èéfín dísù àti eruku ń rú pọ̀, òórùn ẹja díndín sì ń ti ẹ̀gbẹ́ títì fẹ́ wá. Obìnrin kan ló gbé garba kalẹ̀ níbẹ̀: attiéké, ẹja tuna tí wọ́n dín, ata tútù àti àlùbọ́sà.

Abẹ́ tapólì búlúù kan ni mo ń lọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún rédíò àti fídíò ọkọ̀ ṣe. Treichville ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni bàbá rẹ̀ ti wá, bíi ti ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní ìlú yìí. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń pè é ní "patron".

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹ jókòó sórí bátìrì yẹn. Ó ti kú, kò ní ṣe yín ní nǹkan."

Ọkọ̀ 4 ló ti tò. Kò sí tuntun nínú wọn. Láti ọdún 2018 ni ìjọba Côte d'Ivoire ti ń dí ọ̀nà mọ́ kíkó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tó bá ti lé ní ọdún 5 wọ orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó bá ní èyí tó ti gbó ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin ni.

Toyota kan ló kàn. Fídíò inú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣú. Orin ń dún, àwòrán kò hàn, kámẹ́rà ẹ̀yìn náà kò fi nǹkan kan hàn. Awakọ̀ ní réwáyà kan ti sọ fún òun pé kí òun jù ú nù, kí òun ra òmíràn ní 65,000 sẹ́fà.

Ọ̀gá kò dá a lóhùn. Ó tan fídíò náà, ó fi ọwọ́ kan ṣíji bò ó, ó wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ibí."

Mo tẹ̀ síwájú. Àwòrán wà níbẹ̀, ó rí bàìbàì bí òjìji inú omi.

"Ojú rẹ̀ kò fọ́. Iná tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò tàn."

Ó tú u. Ó ki ẹnu mítà bọ wáyà tó ń gbé iná wá: 12.4 fólítì. Ó ní kí awakọ̀ tan ẹ́ńjìnnì: 14.2. Fíúsì pé. Iná ń wọlé. Inú lọ́hùn-ún ni kò ti kọjá.

Lórí tábìlì, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku tó dì mọ́ bọ́ọ̀dù kúrò, ó sì ń fi ìka wọ́ ọ̀nà iná náà lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan àgbá dúdú kékeré kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Orí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Tirẹ̀ wú bí ìdodo ọmọ tuntun.

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀."

Mo tẹ imú bọ̀ ọ́. Ẹja ni! Mo bojú wẹ̀yìn wo oní-garba. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín.

Kapásítọ̀ nìyẹn, àwọn ará ibí ń pè é ní condensateur. Oje ló wà nínú rẹ̀, oje ọ̀hún ló ń jò tó ń rùn. 470 µF, ìwọ̀n iná tó lè tọ́jú, ni wọ́n kọ sí i lára. Mítà ka 61. Wọ́n tún kọ 16 fólítì sí i, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ń gbé ju 14 lọ: àyè ìmí rẹ̀ kò pọ̀. Oòrùn tó ń wọ gíláàsì iwájú wá ń sè é. Àwọn onímọ̀ iná ní bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 Celsius dínkù, ẹ̀mí kapásítọ̀ báyìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ní ìlọ́po méjì. Ta ló fẹ́ dín ooru Abidjan kù?

Ó fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ rẹ̀. Èéfín funfun rú, ó ta mí lójú. Àgbá náà já. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan na òmíràn sí i, tí wọ́n tú lára bọ́ọ̀dù àtijọ́. Ó mi orí. Tuntun ló mú: 470 µF, 25 fólítì, èyí tó lè gba ooru ìwọ̀n 105 Celsius. Ó gbé ilà funfun tó wà lára rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀.

"Ìdí òdì nìyí. Bí ènìyàn bá gbé e sódì, á bú gbàmù."

Ó jó o mọ́lẹ̀. Ó dá fídíò padà sí àyè rẹ̀. Awakọ̀ ṣí kọ́kọ́rọ́.

Iná tàn.

Kapásítọ̀ tuntun náà, 200 sẹ́fà. Iṣẹ́ ọwọ́, 5,000. Ọ̀gá ju èyí tó kú sínú agolo mílíìkì kan. Ó dún kọ̀, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún agolo.

Awakọ̀ ki jíà sí ẹ̀yìn, ó sì tẹ bíréèkì lójijì. Lójú fídíò, oní-garba ló hàn kedere, ó ti sún àga rẹ̀ sínú òjìji bọ́ǹpà, ó ń bu attiéké fún oníbàárà.