Ewé Nìkan Kọ́ Ló Ń Se Oúnjẹ fún Igi

Èèpo igi ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lónìí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ọ̀dá bá mú tí kòkó wọ́wé, àwọn àgbẹ̀ mìíràn a sọ pé igi náà ti kú. Wọn a yọ àdá tì í. Báyìí ni igi tí wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ tọ́jú ṣe ń lọ lásán. Ẹ má tíì gé e. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ díẹ̀ wò.

Bí igi náà bá wà láàyè, ẹ ó rí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ èèpo òkè tí ó ní àwọ̀ ewé. Ohun kan náà tí ewé fi ń lo oòrùn láti fi omi àti afẹ́fẹ́ se oúnjẹ ló wà níbẹ̀. Ẹ wo igi àràbà: bí ó bá ṣì kéré, ara rẹ̀ a máa tutù bí ewé. Igi osè náà, tí í máa wà láìléwé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ní àwọ̀ ewé lábẹ́ èèpo.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Èèpo ẹ̀ka tí kò tíì gbó kò nípọn, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń gbà á kọjá. Igi sì ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Afẹ́fẹ́ tí inú igi mí kì í tètè jáde, nítorí èèpo bò ó. Àwọ̀ ewé abẹ́ èèpo ni ó ń mú un, tí ó ń fi oòrùn sọ ọ́ di oúnjẹ padà. Ó dà bí ìyá tó ń ṣa èérún jọ kí oúnjẹ má bàa ṣòfò.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fi àpótí kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ká ẹ̀ka mọ́, wọ́n wọn afẹ́fẹ́ tí ó mí síta. Wọ́n wá fi aṣọ dúdú bò ó, wọ́n tún un wọ̀n. Èyí tó jáde nínú òkùnkùn pọ̀ ju ti inú ìmọ́lẹ̀ lọ. Lára àwọn igi ilẹ̀ Yúróòpù kan, ẹ̀ka kékeré lè gba nǹkan bí ìdá 60 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ yìí padà bí ìmọ́lẹ̀ bá tó. Ṣùgbọ́n èèpo kò lè rọ́pò ewé o. Ó kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ohun tí ẹ ó ṣe lóko nìyí:

1. Ẹ ha igi tó wọ́wé láti orí ẹ̀ka dé ìdí. Ibi tó bá tutù tó sì ní àwọ̀ ewé wà láàyè. Ibi tó gbẹ tó sì pọ́n ti kú. Ẹ gé e dé ibi tí àwọ̀ ewé ti bẹ̀rẹ̀. Bí orí kòkó bá kú tí ìdí rẹ̀ ṣì yè, ó lè hu ọmọ nítòsí ilẹ̀. Ẹ dá ọ̀kan tó lágbára sí.

2. Kí ẹ tó gbin igi ẹ̀gẹ́, ẹ ha á wò. Èyí tó dára yóò ní àwọ̀ ewé, oje funfun yóò sì tètè yọ. Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ gbìn ín, ẹ nà án ró lábẹ́ ibòòji, kí ìdí rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tútù. Ẹ má ṣe sá a sóòrùn.

3. Ẹ má ṣe ṣá èèpo igi oko yín, ẹ má sì dáná sí ìdí rẹ̀. Bí èèpo bá ṣí yí igi po, oúnjẹ láti ara ewé kò ní lè dé gbòǹgbò mọ́, ebi ni yóò sì pa igi náà kú.

Bí ọ̀rọ̀ igi kan bá rú yín lójú, ẹ pe òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn agbègbè yín kí ẹ tó yọ àdá. Àgbẹ̀ kò ní pòfo o.